Ilé Ọ̀yà àti Ehoro: Ẹ Yan Ohun Èlò Tí Kò Ní Pa Ọmọ Yín Lára

A mọ làálàá tí ẹ ń ṣe kí oúnjẹ aṣaralóore tó dé ẹnu àwọn ọmọ yín. Ẹran ti di ọ̀wọ́n lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ọ̀yà tàbí ehoro ní ẹ̀yìnkùlé. Èyí dára púpọ̀. Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí oṣù 1 lọ, ó sì lè bí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀yà tí àwọn baba wa ń dọdẹ rẹ̀ nínú igbó náà ti di ẹran tí a lè sìn nílé. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n ìgbàlódé sìn ín ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Jámánì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa sì ti kọ́ ọgbọ́n náà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè. A máa ń béèrè iye tí wọ́n ń ta akọ àti abo, a máa ń béèrè koríko tí ẹran náà ń jẹ. A kì í béèrè pé: kí ni a fi kan àgò rẹ̀? Kí ni a fi ń bu oúnjẹ fún un? Inú kẹ́ẹ̀gì wo ni omi rẹ̀ wà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú ìwé yìí, nítorí pé ìlera àwọn ọmọ yín wà nínú rẹ̀.

Ìlànà kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohun tí ẹ kò lè fi bu oúnjẹ fún ọmọ yín, ẹ má ṣe fi bu oúnjẹ fún ẹran tí ọmọ yín yóò jẹ.

ÌDÍ TÍ ÀGÒ ẸRAN FI KAN ÌLERA ỌMỌ

Eyín iwájú ọ̀yà àti ti ehoro kì í dẹ́kun láti máa hù ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Bí ẹran náà kò bá rí nǹkan líle rún, eyín rẹ̀ yóò gùn títí tí kò fi ní lè jẹun mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń gé pákó, tí ó ń họ irin, tí ó sì ń bu etí àwo jẹ ní òru nígbà tí ẹ bá ti sùn. Kì í ṣe ìwàkiwà ni ó ń hù. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fi kọ́ ilé fún un, bó pẹ́ bó yá, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò dé inú ikùn rẹ̀.

Ọ̀nà 3 ni ewu inú àgò lè gbà dé ara ènìyàn:

1. Nípa ẹran tí a jẹ. Bí ẹran bá ń jẹ òjé díẹ̀díẹ̀, òjé náà yóò máa kó jọ sínú egungun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń yọ sọ́tọ̀ fún ọmọ kékeré nítorí pé ó rọ̀.

2. Nípa ọwọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n sábà máa ń já koríko fún ẹran, tí wọ́n ń bu omi, tí wọ́n sì ń ki ọwọ́ bọ inú àgò. Ọwọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ń fi sí ẹnu.

3. Nípa eku. Oúnjẹ tí ó bá dà sílẹ̀ láti inú àgò tí kò dára ń pe eku wá sínú ilé, eku sì ń gbé àrùn wá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Òjé pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ níbẹ̀. Kò sí òbí kankan tí ó fún ọmọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá sí agboolé láti fọ́ àti láti lọ̀. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì ń bà sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. A kò sọ pé àgò ọ̀yà kan lè ṣe irú jàǹbá ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ kọ́ ni pé ohun tí àgbàlagbà bá gbé wọ agboolé nítorí àtijẹ ni ọmọ ìrákòrò máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn.

Ẹ JẸ́ KÍ A YẸ ÀGÒ KAN WÒ

Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ra ọ̀yà 3, akọ 1 àti abo 2. Owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó pe ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, ó ní, “Ọmọ mi, lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kí o fi kan àgò fún wa.” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ó dára, Mààmá, mo ti gbọ́.”

Ó rí fèrèsé àtijọ́ tí wọ́n yọ nígbà tí wọ́n tún ilé ṣe, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Ó rí pákó tí ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kan òrùlé. Ó rí àjákù síìlìn. Ó rí kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò tí baba rẹ̀ ti lò tán ní oko kòkó, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì bu omi. Ó rí àpótí bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú, ó fi ṣe ọpọ́n oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgò ti dúró, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ìyá náà gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, kò sí ohun kan nínú ohun 5 tí ó lò tí ó yẹ kí ó wà nínú àgò náà. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Pákó tí a ti kùn ní ọ̀dà

Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, òjé sì jẹ́ ọ̀tá ọpọlọ ọmọdé. Ó lè mú kí ọmọ pẹ́ kí ó tó gbọ́n, kí ó máa gbàgbé ẹ̀kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ má ṣe rò pé bí ẹ bá ti ha ọ̀dà náà kúrò, ewu ti tán. Eruku ọ̀dà tí a ha gan-an ni ó léwu jù, pàápàá fún aláboyún àti ọmọ ìrákòrò. Ẹ má ṣe fi irú pákó bẹ́ẹ̀ dáná pẹ̀lú, nítorí pé òjé kì í jóná tán; ó ń bá èéfín jáde, ó sì ń kù sínú eérú.

Pákó tí a fi oògùn ikán sí

Káfíńtà máa ń fi oògùn ikán pa pákó òrùlé lára, àwọn mìíràn sì máa ń fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kùn ún. Ohun tí ó lè pa ikán kò lè ṣe ọ̀yà ní oore. Òpó iná mànàmáná tí ó ti wó náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n máa ń rẹ òpó wọ̀nyí sínú oògùn kí wọ́n má baà jẹrà, nínú àwọn oògùn náà sì ni èyí tí ó ní ásẹ́níkì wà, májèlé paraku. Pákó tí ó ń rùn bí ọ̀dà títì, tí ó ní àwọ̀ ewé tí kì í ṣe ti igi, tàbí tí òróró dúdú wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra pákó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá wọ́n ti fi oògùn sí i. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ kò tọ́ fún àgò bákan náà. Ìtọ̀ ẹran máa ń wọ inú rẹ̀, yóò wú, yóò rùn, ẹran yóò sì máa gé gọ́ọ̀mù jẹ.

Àjákù síìlìn àti páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́ ni síìlìn wọn jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Bí a kò bá fi ọwọ́ kàn án, tí kò sì fọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, tí a lu ìṣó mọ́ ọn, tàbí tí ẹran ń họ ọ́, eruku tí ojú kò lè rí yóò máa jáde láti ara rẹ̀. Eruku yìí máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Àrùn jẹjẹrẹ tí ó ń fà lè pẹ́ tó ọdún 20 sí 40 kí ó tó fara hàn. Bí àjákù rẹ̀ bá wà ní àgbàlá yín, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí ó nípọn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín ibi tí ẹ óò kó o sí.

Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko

Ewu yìí wọ́pọ̀. Ike máa ń fa oògùn mu. Bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ, iyanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ nígbà 10, oògùn tí ó ti wọ inú ara ike náà yóò tún máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí ẹ bá rọ sí i. Òórùn lè lọ, kí májèlé má lọ. Ẹ má ṣe fi bu omi fún ẹran, ẹ má ṣe fi pọn omi, ẹ má sì ṣe fi ra epo tàbí kẹrosíìnì. Bí oògùn bá ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì ní oko, níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti fi omi ṣàn án nígbà 3, kí ẹ da omi náà sínú ohun èlò tí ẹ fi ń fín oògùn, kí ẹ sì dá ihò sí ìdí kẹ́ẹ̀gì kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Ẹ má ṣe sun ún níná.

Àpótí bátìrì ọkọ̀

Òjé ni wọ́n fi ṣe inú bátìrì ọkọ̀, ásíìdì tí ń jó ara sì wà nínú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí yóò fi di ohun ìjẹun. Kí ọmọdé má ṣe fi ṣeré rárá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ LÒ

Kì í ṣe ohun olówó iyebíye ni a fẹ́ kí ẹ rà. Ohun tí ó dára wà nítòsí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì wọ́n.

Férémù àgò: Ẹ lo igi líle tí wọn kò fi oògùn kankan sí, bí àpá, tàbí irin tí wẹ́dà jó pọ̀. Bí ẹ bá lo igi, inú ni kí ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin sí, kí férémù igi wà ní ìta. Báyìí ni eyín ẹran kò fi ní kan igi náà. Ẹ tẹ gbogbo ẹnu wáyà tí ẹ gé síta, kí ẹ sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò wọ́n. Ẹnu wáyà tí ó dípẹtà lè ya ọmọ lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ tí ó dọ̀tí sì ni àrùn ipá, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, ń gbà wọlé.

Nẹ́ẹ̀tì onírin: Ẹ ra èyí tí wọ́n jó oríkèé rẹ̀ pọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀, irú èyí tí a fi ń há adìẹ mọ́, ọ̀yà yóò gé e já. Síńkì ni ó ń dán lára nẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí fọ̀ ọ́, kí èyí tí kò lẹ̀ dáadáa lè bọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì sá a sóòrùn.

Ìsàlẹ̀ àgò: Wáyà máa ń dá egbò sí ẹran lẹ́sẹ̀. Ẹ fi pákó tí kò ní oògùn lélẹ̀ ní igun kan kí ẹran lè sinmi lé e, kí ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ tẹ́ fún un. Ẹ má ṣe lo ìyẹ̀fun igi ìrókò, nítorí pé eruku rẹ̀ máa ń yọ ènìyàn àti ẹran lẹ́nu ní imú àti ní àyà.

Ohun tí yóò máa rún: Ẹ fún un ní ẹ̀ka gúáfà tútù, ṣúkù àgbàdo, tàbí egungun gbígbẹ fún ọ̀yà. Bí eyín rẹ̀ bá rí iṣẹ́ ṣe, yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Àwo oúnjẹ àti àwo omi: Àwo amọ̀ tí a sun dáadáa, tí a kò kùn ní ọ̀dà, dára púpọ̀. Àwọn amọ̀kòkò wa, irú àwọn tí ó wà ní Ìpetumodù, ṣì ń mọ ọ́n. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lè fi sìmẹ́ǹtì ṣe é fúnra yín. Ó wúwo, ẹran kò lè dà á nù, kò sì lè gé e jẹ kíákíá. Bí ẹ óò ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ jọ iyanrìn tí ó mọ́. Ẹ wọn agolo iyanrìn 2, ẹ wọn agolo sìmẹ́ǹtì 1, ẹ fi omi díẹ̀ pò wọ́n títí yóò fi ki. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ọmọdé má sì bá yín pò ó, nítorí pé sìmẹ́ǹtì tútù ń jó awọ ara.

2. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú abọ́ ńlá kan, ẹ da àpòpọ̀ náà sí i. Ẹ fi ọ̀rá wé abọ́ kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí àárín kí ó lè di kòtò.

3. Ní ọjọ́ kejì, ẹ yọ abọ́ méjèèjì. Ẹ fi àpò tútù bo àwo tuntun náà fún ọjọ́ 7 kí ó lè le.

4. Ẹ rì í sínú omi fún ọjọ́ 7 mìíràn, kí ẹ máa da omi náà nù lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa pọn òmíràn sí i. Èyí ni yóò mú agbára sìmẹ́ǹtì tí ó lè jó ẹnu ẹran kúrò.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fún ẹran ní omidùn ògì tàbí èérí àgbàdo tí ó ti kan. Ẹ má ṣe bu ohun kíkan sínú garawa tàbí àwo tí a fi páànù ṣe. Ohun kíkan máa ń yọ́ síńkì ara páànù sínú oúnjẹ, síńkì àpọ̀jù a sì máa fa inú rírun àti èébì. Ohun kan náà ni yóò ṣe fún ọmọ yín bí ẹ bá pa ọsàn tàbí omidùn mọ́ sínú garawa páànù.

ẸNU ÀLÀFO NI EKU Ń GBÀ WỌLÉ

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Àgò tí oúnjẹ ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni ògiri tí ó lanu. Eku yóò wá jẹ èyí tí ó dà, láti ibẹ̀ ni yóò gbà dé ilé ìdáná.

Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa, ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Irú eku kan tí ó ń gbé inú ilé àti oko, tí ó ní ọmú púpọ̀, ni ó ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri. Ó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó àrùn náà kì í ṣàìsàn púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó bá mú le, ó ń pa ènìyàn. Ó burú jù lọ fún aláboyún tí oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù 6; ó lè pa ìyá àti ọmọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sábà máa ń gbilẹ̀ jù, ìpínlẹ̀ Òndó àti Ẹdó sì wà lára ibi tí ó ti ń jà lọ́dọọdún.

Nítorí náà:

• Ẹ gbé àgò jìnnà sí ilé ìdáná, iyàrá ìbùsùn àti kànga.
• Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgò ga tó mítà 1 kúrò nílẹ̀. Ẹ ká páànù dídán mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí eku má lè gùn ún.
• Eku kékeré lè gba ihò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ wọlé. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ wẹ́wẹ́ jù ni kí ẹ lò fún ẹ̀gbẹ́ àgò.
• Ẹ bu oúnjẹ ní ìwọ̀n tí ẹran lè jẹ tán. Ẹ kó àjẹkù ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú.
• Inú àgbá onírin tí ó ní ìdérí dídé ni kí ẹ kó oúnjẹ ẹran pa mọ́ sí. Eku ń lu àpò àti ike.
• Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ bu jíìkì ìdá 1 sínú omi ìdá 9, ẹ dà á sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi àkísà nù ún pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Kí aláboyún má ṣe iṣẹ́ yìí.
• Bí ẹ bá fẹ́ fi jíìkì fọ àgò, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan ìtọ̀ ẹran kúrò. Bí jíìkì bá pàdé ìtọ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ olóró a máa jáde.
• Gbogbo ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan àgò, ọmọdé tàbí àgbà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Ó ti tó oṣù 3 tí mo ti ń fi kẹ́ẹ̀gì oògùn bu omi fún àwọn ọ̀yà mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ fún wọn ní omi mímọ́ nínú àwo tí ó dára. Ẹ má ṣe pa wọ́n jẹ, ẹ má sì ṣe tà wọ́n, títí ẹ óò fi rí dókítà ẹran tí ìjọba, tí yóò sọ ohun tí ó yẹ fún yín. Ẹran tí ó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jíjìn. A mọ̀ pé ó dunni láti rí owó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ọmọ ní ilé ìwòsàn ju owó ọ̀yà lọ.

Ìbéèrè: Bí ọmọ bá ti mu nínú omi bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí ọmọ bá ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe fipá mú un bì. Epo tàbí èébì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì sọ ewu kan di méjì. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì náà tàbí bébà ara rẹ̀ dání, kí dókítà lè mọ oògùn tí ó jẹ́. Bí oògùn bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Èèrà àti ìjàlọ ń yọ àwọn ehoro mi lẹ́nu. Ṣé mo lè fín òtapiàpíà sí àgò?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹran yóò lá a, ọmọ yóò sì fi ọwọ́ kàn án. Nítorí jàǹbá irú oògùn wọ̀nyí ni àjọ NAFDAC ṣe fòfin de títa èyí tí ó wà nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019. Ẹ gbé ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí omi wà, kí ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 3 kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Kí agolo náà má jẹ́ ti ọ̀dà tàbí ti oògùn.

Ìbéèrè: Ọkọ mi mú okété láàyè wá láti oko, àwọn ọmọ sì fẹ́ kí a máa sìn ín. Ṣé kò burú?

Ìdáhùn: A kò gbà yín ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹran igbó lè gbé àrùn kiri láìṣàìsàn. Ní ọdún 2003, okété àti àwọn ẹran kéékèèké mìíràn tí wọ́n kó láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà fún títà ni wọ́n gbé àrùn mpox dé ibẹ̀, ènìyàn 47 sì ni ó kan. Bí ẹ bá fẹ́ sin ẹran, ẹ ra èyí tí wọ́n bí nínú àgò lọ́wọ́ ẹni tí ń sìn ín.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìbìkítà. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹ ẹran ni. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí ọmọ rẹ̀ tó gbé òòlù: ibo ni ohun yìí ti wá, kí ni wọ́n sì ti fi ṣe rí?

Lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ lọ sí ìdí àgò yín pẹ̀lú àtùpà. Ẹ wo pákó rẹ̀: ṣé ọ̀dà tàbí oògùn wà lára rẹ̀? Ẹ wo àwo omi: kí ni wọ́n kọ́kọ́ tà nínú rẹ̀? Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: ṣé ẹsẹ̀ eku wà níbẹ̀? Ohun tí kò bá tọ́, ẹ yọ ọ́. Bí owó kò bá tó láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwo omi àti àwo oúnjẹ, nítorí pé àwọn ni ẹnu ẹran ń kàn jù. Ẹ pe àwọn ọmọ yín mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ju kẹ́ẹ̀gì kan nù kò ní tún lọ ṣà á wálé.

Ìlera ni ọrọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa dàgbà. Àmín.